Atakpamé, Níbi Tí Orélà Kò Ti Bọ́ Lọ́wọ́ Wa

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má bínú pé ẹ kò gbúròó mi láti ìgbà tí mo ti dé. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé bọ̀ láti Tógò kì í ṣe èyí tí èèyàn ń sọ lórí ìdúró. Mo ti wẹ̀, mo ti sùn títí ara mi fi wálẹ̀. Ẹ fa àga mọ́ra, kí n rò fún yín.

Ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé ọjà ni mo lọ rà. Rárá o. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ètò tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń tọ́jú ìtàn àìsàn àwọn aboyún ní àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké tó yí wa ká, èmi ni mo kọ ọ́. Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Yorùbá, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní èdè tí a fi ń pàṣẹ fún un. Irú èdè bẹ́ẹ̀ pọ̀. Èyí tí èmi ń lò ni wọ́n ń pè ní Orélà, ó sì wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù. Kò sẹ́ni tó ni ín bí èèyàn ṣe ń ni ilé. Àìmọye èèyàn káàkiri ayé ló kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ìwọ̀nba tirẹ̀, ìwé àṣẹ tó sì ń bá a rìn sọ pé ẹnikẹ́ni lè mú un, kí ó lò ó, kí ó tún un ṣe, kí ó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, láìtọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Àfi bí ìgbìmọ̀ tó ń tọ́jú Orélà nílẹ̀ òkèèrè ṣe kéde pé àwọn fẹ́ yí ìwé àṣẹ náà padà. Wọ́n ní ẹni tó bá fi Orélà ṣe ohun tí ẹlòmíràn yóò lò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn, kí ó sì máa padà wá gbà á lọ́dọọdún. Ẹni tí wọn kò bá yọ̀ǹda fún, kí ó palẹ̀ mọ́. Mo kà á, mo rántí àwọn nọ́ọ̀sì mi.

Ohun kan ṣoṣo ló dí ìgbìmọ̀ náà lọ́nà. Apá kan wà nínú Orélà tó ń jẹ́ kó mọ àmì ohùn orí ọ̀rọ̀, àwọn àmì tí èdè wa kò lè ṣe aláìní. Ẹni tó kọ apá náà kò fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ lé ìgbìmọ̀ lọ́wọ́ rí. Bí kò bá fọwọ́ sí i, wọn kò lè yí àṣẹ orí iṣẹ́ rẹ̀ padà. Olùkọ́ ìṣirò ni, Àkúví lorúkọ rẹ̀, Atakpamé ló ń gbé. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń lo Orélà ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà wá pinnu pé kí á pàdé lọ́dọ̀ rẹ̀, kí á lè fi ohùn kan dá ìgbìmọ̀ lóhùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní Nàìjíríà ní èmi ni kí n lọ ṣojú àwọn. Bí mo ṣe gbéra nìyẹn, èmi tí n kò tíì fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ mìíràn rí.

Omi ṣáájú ọ̀rọ̀

Òkè ló kọ́kọ́ kí mi. Láti Lómẹ́ ni ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, oko àgbàdo lọ́tùn-ún, igi tíìkì lósì, ojú mi sì ti fẹ́ máa kún fún oorun. Lójijì ni òkè dìde, ìlú wà lórí rẹ̀, ìlú wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òrùlé páànù lé òrùlé páànù bí ẹni pé àwọn ilé ń pọn ara wọn. Ẹni tó bá mọ Abẹ́òkúta yóò mọ irú rẹ̀, àmọ́ afẹ́fẹ́ ti Atakpamé tutù jù.

“Bọ̀nárífé!” ni mo gbọ́ bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀. “Ẹ káàbọ̀” ni wọ́n ń fi Faransé kí mi. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì kí mi bẹ́ẹ̀, ẹni tó gbé ẹrù mi kí mi bẹ́ẹ̀, bàbá kan tó ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ tirẹ̀ dúró kí mi bẹ́ẹ̀. Àkúví fúnra rẹ̀ wá gbá mi mọ́ra. Obìnrin gíga ni, ó ti ìgò ojú rẹ̀ sórí, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ń pè mí ní Dáví, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin níbẹ̀.

Ilé ìyá rẹ̀ ni mo dé sí. Màmá ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní ìjọ Kátólíìkì, ó sì ń dáko díẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí mo bá wá, nítorí àníyàn rẹ̀ ti kún inú mi láti ilé. Ó gbé ọwọ́ sókè.

“Omi ná, ọmọ mi.”

Mo mu omi. Mo tún la ẹnu.

“Ó ṣẹ́ kù nínú ife.”

Mo mu ún tán. Ìgbà yẹn ló tó jókòó sí iwájú mi, tó ní, “Ó dáa. Ọ̀nà ńkọ́? Àwọn ará ilé ńkọ́? Kí ló gbé ọ dé ọ̀dọ̀ wa?” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Àlejò kì í rojọ́ pẹ̀lú ọ̀fun gbígbẹ.

Ifẹ̀ ni wọ́n ń pe ara wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pe èdè wọn. Nígbà tí mo sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti wá, Màmá fi ọwọ́ méjèèjì lé àyà. Ó ní àwọn àgbà àwọn sọ pé ibẹ̀ ni àwọn ti ṣí wá. “Ṣé gbogbo wọn ṣì wà dáadáa níbẹ̀?” ló bi mí, bí ẹni pé àná ni wọ́n pín yà. Mo ní dáadáa ni wọ́n wà. Kí ni ǹ bá tún sọ?

Ọ̀rọ̀ wọn tí mo ń kọ síbí, mo ń fà á wá sí tiwa fún yín ni. Ifẹ̀ wọn àti Yorùbá wa dà bí ọmọ bàbá kan náà tí wọ́n tọ́ nílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Omi ni omi, ilé ni ilé. Ṣùgbọ́n wọ́n á ki Faransé bọ̀ ọ́, wọ́n á bu èdè Éwè lé e, èmi á sì dúró, ẹnu mi á là sílẹ̀, Àkúví á wá gbà mí.

Ẹjọ́ fùfú

Màmá bi mí bóyá mo máa jẹ fùfú. Ẹ kúkú mọ̀ mí. Èmi àti fùfú kò rẹ́ láti kékeré. Òórùn rẹ̀ lásán a máa lé mi jáde nílé. Mo fi ọ̀wọ̀ sọ pé ara mi kì í gbà á. Inú rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n gbé ìrẹsì fún mi. Mo ń jẹ ìrẹsì mi lọ nígbà tí mo gbọ́ ìró odó lẹ́yìnkùlé. Mo yọjú. Iṣu! Iṣu funfun báláú ni wọ́n ń gún!

“Màmá, iyán nìyí o!”

“Fùfú ni.”

“Iyán ni, Màmá!”

“Fùfú ni, ọmọ mi. Èyí tí o ní ara rẹ kò gbà.”

Mo ní ohunkóhun tí wọ́n bá ń pè é, kí wọ́n ṣáà bu tèmi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú Àkúví. Ọbẹ̀ pupa tó ta lẹ́nu ni wọ́n fi jẹ ẹ́, pẹ̀lú wàrà díndín tí wọ́n ń pè ní wàgàṣì. Mo jẹ ẹ́ títí n kò fi lè dìde.

Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo àdúgbò mọ̀ mí sí Anàgó tó ń sá fún iyán. Anàgó ni wọ́n ń pe gbogbo àwa Yorùbá Nàìjíríà. Nígbà tí mo ń bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ lórí fóònù níwájú ìsọ̀ aláṣọ kan, obìnrin náà dúró, ó ń wò mí, ó sì fi pẹ̀lẹ́ bi mí pé, “Ta ló kú?” Mo ní kò sẹ́ni tó kú, mo ń kí àbúrò mi ni. “Áà,” ló wí, “ẹ̀yin Anàgó, ìkíni yín le o.” Lóòótọ́, ohùn tiwọn rọlẹ̀. Wọ́n máa ń dúró kí ọ̀rọ̀ ẹnìkejì parí kí tiwọn tó bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo ti ń já lu ọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ó di kí n máa tẹ ètè mọ́ra.

Inú gbọ̀ngàn

Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ tí Àkúví ti ń ṣiṣẹ́ ni a ti pàdé. Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ wá, àwọn ará Gánà wá, àwọn ará Bùrùkínà náà wá. Kójó, ẹ̀gbọ́n Àkúví, ló ń darí ìpàdé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, aṣọ rẹ̀ kì í rún, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ Orélà ní Atakpamé.

Èmi rò pé kíá ni a óò fẹnu kò. Àṣé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ tí a kò mọ̀. Kójó dìde, ó ní ìgbìmọ̀ ti ránṣẹ́ sí àwọn. Bí Àkúví bá lè fọwọ́ sí i, wọn yóò yọ gbogbo Tógò sílẹ̀ kúrò nínú àṣẹ tuntun. Títí ayé, kò ní sí ọmọ Tógò tó máa tọrọ ìyọ̀ǹda.

Gbọ̀ngàn bú sáriwo. Ará Gánà kan ní ẹ̀bùn tó ń fa ẹbí ya kì í ṣe ẹ̀bùn. Èmi náà dìde. Mo sọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì mi, mo sọ̀rọ̀ àwọn aboyún tí ìtàn ìlera wọn yóò há sínú kọ̀ǹpútà tí a kò gbọ́dọ̀ tún ṣe mọ́. Mo sọ ọ́ bí Anàgó, mo mọ̀. Ohùn mi ń ró lára ògiri.

Kójó dúró kí n parí. Kò pariwo. Ó ní, “Dáví, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin pọ̀. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ yín, ariwo yín nìkan tó láti ṣí i. Àwa ńkọ́? Èdè wa kéré. Ètò tí a fi ń kọ́ àwọn èèyàn wa láti ka Ifẹ̀, òun nìkan ṣoṣo la ní. Ẹni tí wọ́n nawọ́ ìgbàlà sí, ṣé kí ó kọ̀ ọ́ nítorí pé wọn kò nà án sí aládùúgbò rẹ̀?”

Ohun tó dùn mí jù ni pé kò purọ́. Mo jókòó. Mo wo Àkúví, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Bí a ṣe túká, ó sún mọ́ mi, ó ní, “Dáví, ẹ jẹ́ kí á lọ sí Akparé lọ́la. Mo ní kíláàsì níbẹ̀. Orí mi ti gbóná.”

Akparé

Kójó ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ. Akparé jẹ́ ìletò àgbẹ̀. A bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, gbogbo wọn sì ti dàgbà. Àwọn kan wọ àgbélébùú sọ́rùn, àwọn mìíràn wá láti ilé tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà ìdílé wọn, gbogbo wọn jọ ń rẹ́rìn-ín pọ̀. Ètò Àkúví ń fi ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ hàn wọ́n lójú kọ̀ǹpútà, ó sì ń kà á sókè kí wọ́n lè tẹ̀ lé e.

Ó kan ìyá kan tó ń jẹ́ Afí, tó ń gbin ẹ̀wà sóyà. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè, ohùn ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn, ó sì di ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà kì í sọ níta. Kíláàsì dà rú. Ẹ̀rín pa wọ́n, àmọ́ ojú ti Afí. Àkúví tún un ṣe, ó tún bàjẹ́. Ẹ̀dà Orélà tuntun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sínú ẹ̀rọ náà ti da àmì ohùn rú, kò sì rí ibi tí àṣìṣe náà ti wọlé. Ó kọ ìbéèrè sí ojú ewé tí àwa olùlò Orélà ti máa ń ran ara wa lọ́wọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì ní kí wọ́n simi.

Wọ́n pín àgbàdo sísun fún wa. A kò tíì jẹ ẹ́ tán tí ìdáhùn fi dé. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Sànní ní Parakou, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ló kọ̀wé. Ó ní ohun kan náà ba ètò ìwé kíkà ti èdè Bààríbá tí òun ń ṣe jẹ́, òun sì ti tún un ṣe, ó ní, “Ẹ mú tèmi, ẹ fi sí i.” Àkúví mú un, ó fi sí i. Kọ̀ǹpútà ka ọ̀rọ̀ náà, ó dán mọ́rán. Afí dìde. Ó fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà lójú ẹ̀rọ, ó ka gbólóhùn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fúnra rẹ̀, kò ṣì í. Ó wẹ̀yìn, ó bi àwọn yòókù pé, “Ṣé ẹ gbọ́ mi?” Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí àwọn adìyẹ fi sá kúrò lábẹ́ bẹ́ǹṣì.

Nínú ọkọ̀ tí a ń bọ̀, Kójó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ta ni Sànní yẹn?”

“N kò mọ̀ ọ́n,” ni Àkúví wí. “N kò rí i rí.”

“Kì í ṣe ọmọ Tógò.”

“Parakou ni.”

Ó wakọ̀ lọ díẹ̀. “Bí àṣẹ tuntun yìí bá dé, ṣé ó tún lè ṣe báyìí fún wa?”

“Bí ìgbìmọ̀ bá yọ̀ǹda fún un.”

“Bí wọn kò bá sì yọ̀ǹda ńkọ́?”

“A jẹ́ pé ilẹ̀kùn tiwa ṣí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa lè gbà á wọlé wá bá wa.”

Kójó pa ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ó yíjú sí mi níbi tí mo jókòó sí lẹ́yìn. “Dáví,” ló wí, “ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún yín nínú gbọ̀ngàn, mo kó o jẹ.” Mo ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ní òótọ́ ló sọ nígbà náà. Ó ní, “Òótọ́ tòní ti ju ti àná lọ.” Ó wá rẹ́rìn-ín, ọkọ̀ sì gbéra.

Ojú ògiri

Bí a ṣe ti ìsìn Máàsì dé ní ọjọ́ Àìkú, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìwé àṣẹ àtijọ́ fún wa láàyè láti mú gbogbo Orélà bó ṣe wà, kí á sì máa tọ́jú ẹ̀dà tiwa. A fẹ́ mọ̀ bóyá a lè dá a gbé, bí ìgbìmọ̀ bá kọ̀ jálẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn pín iṣẹ́ ṣe. Èmi àti àwọn ará Bùrùkínà kò gbọ́ èdè ara wa, ṣùgbọ́n kóòdù, èdè kọ̀ǹpútà, ni a jọ gbọ́. À ń nàka, à ń mi orí, à ń lọ. Nǹkan bàjẹ́, a tún un ṣe. Ó tún bàjẹ́. Nígbà tí ẹ̀dà náà wá dìde tí ó sì ṣiṣẹ́ láìsí àṣìṣe kan, ará Gánà tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀bùn níjelòó gbé Kójó sókè pẹ̀lú gbogbo aṣọ lílọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni ìgbìmọ̀ yọ sí wa lójú ògiri, nípasẹ̀ fídíò láti ọ̀nà jínjìn. Ọkùnrin onírun funfun kan ló gba ẹnu wọn sọ̀rọ̀ ní Faransé, ó sì níwà tútù; Kójó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ń fi Orélà kó ọrọ̀ jọ, wọn kì í fi nǹkan kan ṣèrànwọ́. Ó ti rẹ àwọn díẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni ó bi Àkúví bóyá yóò fọwọ́ sí i.

Àkúví dìde. Ó sọ ọ́ ní Ifẹ̀ kọ́kọ́, kí ó tó sọ ọ́ ní Faransé.

“Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ẹ̀dùn yín yé wa. Ṣùgbọ́n n kò ní fọwọ́ sí i.”

“Ìyọ̀ǹda tí a fún Tógò ńkọ́?”

Kójó ló dáhùn. “A dúpẹ́. A kò gbà á. Àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ kò sí nínú rẹ̀.”

Ọkùnrin náà ní àwọn lè kọ apá Àkúví tuntun fúnra àwọn. Àkúví ní kí wọ́n kọ ọ́. Ó ní ẹ̀dà tiwa wà níhìn-ín, ó ń ṣiṣẹ́, kò sì ní ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnì kankan. “Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí Orélà di méjì. Iṣẹ́ ló wọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ bù ú fún wa. Àwa tí ẹ ń rí nínú gbọ̀ngàn yìí, a óò bá yín tọ́jú rẹ̀. Ẹ kò bi wá léèrè rí ni.”

Àwọn tó ń wò wá láti ilẹ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ojú ògiri: a wà pẹ̀lú Atakpamé, a wà pẹ̀lú Atakpamé, ní èdè tí mo mọ̀ àti èyí tí n kò mọ̀. Wọ́n ń sáré kọjá tó bẹ́ẹ̀ tí ojú mi kò bá wọn mọ́. Ọkùnrin náà yọ ìgò ojú rẹ̀. Ó ní àwọn yóò lọ jíròrò, àwọn yóò sì fèsì.

Glei

Èsì kò tíì dé nígbà tí mo dágbére. Màmá di iyán fún mi sínú ewé, ó ní kí n ṣọ́ra, fùfú ni. Mo wọ ọkọ̀ èrò tó ń lọ sí Lómẹ́, a há mọ́ra wa bí ẹja inú agolo.

Ọkọ̀ dúró ní Glei kí èrò ra nǹkan. Àwọn obìnrin ti gbé ọ̀pẹ òyìnbó dé ojú fèrèsé nígbà tí fóònù mi dún. Kójó ni. Ó ń pariwo! Kójó, tí kì í gbé ohùn sókè! Faransé ló ń sọ, n kò gbọ́ ẹyọ kan. Àkúví gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

“Dáví! Wọ́n ti fagi lé e! Àṣẹ àtijọ́ ló dúró. Fún gbogbo èèyàn, Dáví, gbogbo èèyàn! Wọ́n sì ní kí n wá jókòó nínú ìgbìmọ̀.”

Mo ké. Ẹ jọ̀ọ́, n kò lè rẹ ohùn mi sílẹ̀ nígbà yẹn. Mo ké bí wọ́n ṣe ń ké nílé wa. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbá mi mú, ó rò pé òkú ni. Mo ní ayọ̀ ni, ayọ̀ ni! Mo fi Ifẹ̀ tí mo kọ́ àti Yorùbá tí mo gbé wá ṣàlàyé: ohun kan wà tí gbogbo ayé jọ ń lò, àwọn kan fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ sí i, Atakpamé kọ̀.

“Atakpamé wa yìí?” ni obìnrin náà bi mí.

“Atakpamé yín yìí.”

Ó sọ ọ́ fún àwọn tó wà lẹ́yìn, àwọn náà sọ ọ́ fún àwọn ọlọ́pẹ òyìnbó tó wà níta. Dírẹ́bà yí ọrùn padà.

“Ta ló wá borí?”

“Àwa ni.”

“Àwa wo?”

Mo wo ojú gbogbo wọn. Mo ní, “Gbogbo wa tí a wà nínú ọkọ̀ yìí.”

Dírẹ́bà mi orí. Lẹ́yìn náà ó yíjú síwájú, ó gbé ọwọ́ lé fèrè ọkọ̀, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ títí a fi la Glei já.